Ojú Sánmà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Dúdú

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2024, òjò rọ̀ ní United Arab Emirates ju bó ṣe rọ̀ rí láti ọdún 1949 tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ òjò níbẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì lọ wo àkọsílẹ̀ wọn fúnra mi. Ní Dubai àti Sharjah, omi bo àwọn ọ̀nà ńláńlá, àìmọye ọkọ̀ sì dúró nínú rẹ̀ títí omi fi fà.

Ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan ni ohun tí Alfred Ṣàngódèyí sọ pé òun rí lẹ́yìn òjò náà. Sẹ̀kúríìtì ni nígbà yẹn. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti tò gba ara wọn lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ géètì rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ara ọkọ̀ dán. Ó ní àwọn ọkọ̀ ń wọlé síbẹ̀ ní àwọ̀ ẹrẹ̀, wọ́n sì ń jáde bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn rí.

“Kì í ṣe pé wọ́n mọ́ nìkan,” ló sọ fún mi. “Tí wọ́n bá ti ọkọ̀ dúdú jáde báyìí, ojú sánmà á sọ̀kalẹ̀ wá dúró lórí ẹ̀. Ìkùukùu á máa rìn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń wò ó títí màá fi gbàgbé pé mo wà lórí duty.”

Mo bi í bóyá kì í ṣe oòrùn ló ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn náà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára sọ̀rọ̀. Ní Al Muteena ló ń gbé, nínú yàrá kan tí òun àti àwọn mìíràn jọ pín, kálukú pẹ̀lú bedspace tirẹ̀ àti kọ́tìnnì tó fi yí i ká. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní Alfred. Àwọn ará yàrá ń pè é ní Ṣàngó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì rí i kó bínú. Ìyàwó rẹ̀, Bùsáyọ̀, wà ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn.

Nígbà tí ọdún 2025 ń lọ, iléeṣẹ́ sẹ̀kúríìtì tó mú un wá sọ fún un pé àwọn ò ní tún contract rẹ̀ ṣe mọ́. Tí oṣù karùn-ún ọdún náà bá parí, visa rẹ̀ náà parí nìyẹn, àfi tó bá rí iléeṣẹ́ mìíràn tó máa gbà á. Ó sọ fún Bùsáyọ̀. Bùsáyọ̀ ní kò burú, kó máa bọ̀ nílé. Ó dá a lóhùn pé ó dáa. Kò sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba òun láti padà.

“Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró lẹ́nu géètì,” ló sọ fún mi. “Tí mo bá délé, tí wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo kọ́ lọ́hùn-ún, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró?”

Torí náà, lọ́jọ́ kan tó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sọdá títì lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ Pakistan ni, Nadeem lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ustad ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tó mọṣẹ́ ní ọ̀gá. Èèyàn kúkúrú tó sanra ni, ó fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀, kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ nu ọwọ́. Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ ni òun àti Ṣàngódèyí jọ ń sọ, pẹ̀lú Lárúbáwá díẹ̀. Èyí tó bá kù, wọ́n á fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ustad ní ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun ń lọ sílé pátápátá, ààyè kan máa ṣí, visa sì wà fún ààyè náà. Ṣùgbọ́n òun kì í gba ẹni tó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ lòun ń gbà.

“Lọ wá ọkọ̀ dúdú kan,” ni Ustad wí. “Kó ti gbó díẹ̀. Má fi ẹ̀rọ ṣe é, ọwọ́ ẹ ni kó o lò. Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Tí mo bá rí irùngbọ̀n mi nínú ẹ̀, o ti di tiwa. Tí mi ò bá rí i, khalas, ó tán nìyẹn.”

“Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú?”

“Ọkọ̀ funfun máa ń parọ́,” ni Ustad wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí Ṣàngódèyí bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń dúró sí. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ omi àti ọṣẹ lásán ni. Ọṣẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọ ọkọ̀ kan lójú mi, wọ́n nù ún gbẹ, lójú tèmi ó ti mọ́. Ustad mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó rọra fi ìka pa ara ọkọ̀ náà. Ó ní kí èmi náà ṣe é. Nígbà tí mo fi ọwọ́ lásán pa á, ó ń yọ̀. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó dà bíi pé orí gààrí gbígbẹ ni mo gbé ọwọ́ lé. Eruku aṣálẹ̀ ni, àti irin wẹ́wẹ́ tó ń ta láti ojú títì. Wọ́n ti wọ inú ọ̀dà lọ, omi ò lè gbé wọn. Amọ̀ rírọ̀ kan ni wọ́n fi ń mú wọn kúrò. Wọ́n á fín omi ọlọ́ṣẹ sára ọkọ̀, wọ́n á máa ti amọ̀ náà lọ, tì í bọ̀, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí ariwo wẹ́wẹ́ tó ń dún lábẹ́ ọwọ́ á fi dákẹ́. Tí amọ̀ náà bá já bọ́ sílẹ̀, wọ́n á jù ú nù. Iyanrìn kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ọn tó láti họ ara ọkọ̀ látòkè délẹ̀.

Pólíṣì ló tẹ̀ lé amọ̀. Mo ti máa ń rò pé pólíṣì ń fi nǹkan kún ọ̀dà ni. Rárá o, ńṣe ló ń gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ojú àpá wẹ́wẹ́ lè bá ibi yòókù dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń fi agbára ṣe é fi lè bá ọ̀dà lọ títí dé irin. Ustad á kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Á to pólíṣì bíi horo ẹ̀wà mélòó kan sórí tìmùtìmù kékeré kan, á mú ibi tí kò ju àwo oúnjẹ méjì lọ, á fi lọ ní òró, á tún fi lọ ní ìbú, bí ẹni tó ń hun ẹní. Nígbà tí Ṣàngódèyí kọ́kọ́ dán an wò lára ilẹ̀kùn àlòkù kan, ńṣe ló ń yí ọwọ́ po. Ustad di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ṣé abọ́ lò ń fọ̀ ni?”

Ìda ló kẹ́yìn, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní wax. Òun ló ń bo iṣẹ́ tí pólíṣì ti ṣe, kí eruku má bàa tètè rí ààyè padà. Wọ́n á kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á dúró títí á fi rí bí èémí ẹnu lára dígí, wọ́n á fi ìka kan fà á. Tí ojú ibi tí ìka gbà bá mọ́ kedere, ó ti tó nù nìyẹn. Gbogbo èyí ni Ṣàngódèyí fi ojú ara rẹ̀ rí. Ohun kan wà tí Ustad ò sọ fún un, torí kò sí ohun tó lè mú un rántí láti sọ ọ́: òrùlé wà lórí ṣọ́ọ̀bù náà, oòrùn kì í wọ ibẹ̀.

Ó wá ku ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ tó ní ọkọ̀ dúdú ni Jemimah, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Sharjah, tó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Anglican tí Ṣàngódèyí ń lọ. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Lẹ́yìn ìsìn, Ṣàngódèyí dúró dè é nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá ọkọ̀ yín lò.”

“Ìwọ tí o ò ní license. Ta ló fẹ́ bá ẹ wà á?”

“Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á, ma. Mo fẹ́ mú un dán ni.”

“Ọkọ̀ mi ò dán ni?”

Ṣàngódèyí wo ọkọ̀ náà. Ó wo ilẹ̀.

“Alfred, dá mi lóhùn. Ṣé ọkọ̀ mi ò dán?”

“Ó mọ́, ma.”

“Ó mọ́.” Jemimah yíjú sí àwọn akọrin yòókù. “Ẹ bá mi gbọ́ o. Wọ́n ní ó mọ́.”

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Ṣàngódèyí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ visa náà fún Jemimah, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun máa rí ààyè dán an wò.

“Bùsáyọ̀ ńkọ́? Ó mọ̀ sí i?”

“Tó bá bọ́ sí i, màá sọ fún un.”

“Hmm.” Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. “Ọjọ́ Fraide tó ṣáájú Sátidé yẹn, wá sílé mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, ẹ̀yìn ẹ ni màá máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sì fúyẹ́ o.”

Lọ́jọ́ Fraide náà, Jemimah ti gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ó gbé e padà wá sábẹ́ ilé tó ń gbé. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé náà lé, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ayálégbé ń gbọ́kọ̀ sí. Iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn gbalasa. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Ṣàngódèyí, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣàngódèyí ò dá wá. Ó mú Tòhíbù dání, ọmọ Ìwó, sẹ̀kúríìtì bíi tirẹ̀, tí bedspace wọn jọ kọjú síra. Tòhíbù jù ú lọ lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́. Ó dojú korobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní òun wá ṣe alábòójútó.

Nǹkan kan ló ti mú Tòhíbù di ọ̀gá lójú Ṣàngódèyí látọjọ́ tó ti dé Dubai: bàtà bùútù. Ní iléeṣẹ́ wọn, kí àwọn sẹ̀kúríìtì tó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, alábòójútó á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn. Tòhíbù ló kọ́ Ṣàngódèyí pé kó kun bùútù ní pólíṣì, kó gbé e sójú oòrùn lórí òrùlé títí pólíṣì náà á fi yọ́ wọ inú awọ, kó tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Kò sí bùútù tó ń dán tó tàwọn méjèèjì nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ti amọ̀ lọ, ó tì í bọ̀, ariwo dákẹ́. Ó lẹ téèpù. Ó hun ẹní rẹ̀, ní òró, ní ìbú, bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé, ilẹ̀kùn. Tòhíbù ń pe ibi tó bá fò sí àkíyèsí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sáré. Ìlú dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ láàárọ̀ Fraide, tí èèyàn á fi máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri ilé bíi ìró oyin.

Nígbà tó parí, ó nà ró, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ilé ló wà, ojú sánmà ò sí lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ó sì tẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀dà dúdú náà bí omi ṣe ń tẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ò sí. Àwọn òpó ilé wà nínú rẹ̀, wọ́n gùn lọ sísàlẹ̀. Ẹyẹlé kan fò kọjá níta, ó sì fò kọjá nínú ọkọ̀ náà. Ṣàngódèyí ní òun na ọwọ́ sí i, kì í ṣe pé òun fẹ́ nu nǹkan kan, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù ni.

“Ṣé ó tutù?” ni mo bi í.

“Ó tutù,” ló wí. “Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.”

Torí ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé nínú òtútù abẹ́ ilé yìí, ìda ò ní wọ inú ọ̀dà. Ó sọ ọ́ fún Tòhíbù. Tòhíbù ronú sí i bí àgbà.

“Báwo ni bùútù ṣe máa ń ṣe?” ni Tòhíbù bi í.

“Á yọ́.”

“Níbo?”

“Lójú oòrùn.”

“Kí wá lò ń bi mí sí?”

Ó tú jíà sílẹ̀, àwọn méjèèjì ti ọkọ̀ náà jáde sórí iyanrìn, sínú oòrùn oṣù karùn-ún. Ó kun gbogbo ara rẹ̀ ní ìda, kò sì kùn ún ní fẹ́lẹ́ tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sábẹ́ ilé láti dúró kó yọ́. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Ṣàngódèyí ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti Dubai. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó sùn lọ.

Ó lá àlá. Ó ní òun wà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, omi náà dúdú, ó ń dán, kò sí ìgbì kankan lórí rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Al Quoz ń jáde látinú omi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọra ń gun etídò bọ̀, omi ń ro lára wọn, kò sì dún. Bùsáyọ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, ó ń nù wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó bi í pé mélòó ló kù. Òun ń wo inú omi, òun ò sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń rántí àlá tó kún tó báyìí. Mo bi Tòhíbù. Tòhíbù ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ó ń hanrun.

Tòhíbù náà ló jí i.

“Ṣàngó. Dìde. Ọkọ̀ ti hu ewú.”

Lóòótọ́ ni. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà ti funfun, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ mọ́ ara ìkòkò. Ṣàngódèyí mú aṣọ, ó nù ún. Kò kúrò. Ó fi agbára nù ún. Aṣọ náà ń fà, ó ń ké, funfun náà sì wà níbi tó wà. Irin gbóná débi pé kò lè gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ti ọkọ̀ padà sábẹ́ ilé.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Jemimah fi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú gèlè lórí. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan.

“Alfred.”

“Ma.”

“Àwọ̀ wo ni ọkọ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ?”

“Dúdú, ma.”

Jemimah yíjú sí Tòhíbù. “Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ jẹ́?”

“Tòhíbù ni, ma. Mo kàn jókòó síbí ni.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Tòhíbù ló kọ́kọ́ mú àbá wá. Ó ní kí wọ́n lọ gbé òróró wá láti inú ilé ìdáná, kí wọ́n fi pa gbogbo ara rẹ̀. Funfun náà á wọ́lẹ̀, ọkọ̀ á dúdú, á dán títí di ọ̀la, ẹni tó fẹ́ wò ó á wò ó tán. Jemimah ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gòkè, ó gbé ìgò òróró wá, ó gbé e lé ilẹ̀ níwájú Ṣàngódèyí.

“Èmi ò mọṣẹ́ yìí,” ló wí. “Ìwọ lo ní visa tó fẹ́ bọ́.”

Ṣàngódèyí kán díẹ̀ sórí aṣọ, ó fi pa ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ kan. Funfun pòórá. Ibẹ̀ dúdú, ó ń dán yinrin. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó fi ìka pa á. Gààrí ló bá lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òróró tó ń yọ̀ lórí gààrí.

“Kò lè ṣe é,” ló wí. “Ustad ò ní wò ó. Á fọwọ́ pa á ni.”

Ó jókòó sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tó wá sí òun lọ́kàn nígbà yẹn kì í ṣe ọgbọ́n kankan. Bùútù rẹ̀ ló ń wò, torí iwájú rẹ̀ ló wà. Ó wá rántí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí pólíṣì bá gan mọ́ awọ, tí búrọ́ọ̀ṣì ò sì ràn án, pólíṣì tútù ni wọ́n máa ń fi lé e lórí, wọ́n á sì nu méjèèjì kúrò kó tó gbẹ. Ó dìde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń tutù. Ó fi ìda tuntun kun ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó nù ún lójú ẹsẹ̀.

Ibi dúdú kan yọ sí àárín funfun náà, bí fèrèsé.

Tòhíbù fi korobá rẹ̀ sílẹ̀. Jemimah tú gèlè, ó bọ́ bàtà, ó mú aṣọ kan. Wọ́n pín ọkọ̀ náà láàárín ara wọn, ọ̀kan ń kùn, èjì ń nù. Oòrùn ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ ń wọ abẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ṣí nínú ọkọ̀ náà ń gbà á. Nígbà tó di àṣálẹ́, àwọn ilé tó wà lódìkejì ilẹ̀ iyanrìn náà tan iná, fèrèsé wọn sì ń yọ lára ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wà níbẹ̀ bí ìlú kan tó wà nísàlẹ̀ omi. Jemimah ní òun rí ojú òun nínú rẹ̀. Tòhíbù ní òun rí ebi.

Ìda tán kí wọ́n tó dé òrùlé. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á ti tì. Wọ́n fi òrùlé sílẹ̀ ní funfun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Jemimah wa ọkọ̀ náà lọ sí Al Quoz, Ṣàngódèyí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ustad nu ọwọ́. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sára ilẹ̀kùn, ó ń gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn nǹkan. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó fi ìka pa bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tún un ṣe.

Ustad ò ga tó òrùlé. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí wá, ó gùn ún.

“Kí lèyí?”

“Oòrùn ni, Ustad.”

“Ta ló ní kó o gbé wax sínú oòrùn?”

Ṣàngódèyí lè sọ pé Tòhíbù ni. Kò sọ ọ́. Ó nawọ́ sí bùútù ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún nawọ́ sí oòrùn. Ustad sọ̀kalẹ̀ látorí àpótí, ó ká ṣòkòtò sókè díẹ̀, ó lóṣòó síwájú bùútù náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní èdè wọn, àwọn náà wá lóṣòó tì í. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì, ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀ kó má bàa ṣubú.

“Báwo lo ṣe wá yọ ti ibi yòókù?”

Ṣàngódèyí tún nawọ́ sí bùútù.

“Yalla, ó yá,” ni Ustad wí, ó ń nu ojú. “Ti ọkọ̀ yìí wọlé, kó o parí orí ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mú pásípọ́ọ̀tù àti Emirates ID ẹ wá.”

Mo bi í bóyá bó ṣe máa ń gba òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ó ní rárá. Ó ní àwọn tó ti ń ṣe é lọ́dún mẹ́wàá pàápàá ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán yọ wax tó gan mọ́ ọkọ̀.

Wọ́n parí òrùlé lábẹ́ òrùlé. Nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ jáde, Ṣàngódèyí lọ dúró sí ibi tó máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, níwájú géètì tòdìkejì, ó ń wò ó. Mo lọ dúró tì í. Wáyà iná ni mo rí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, àti ìkùukùu kékeré kan tí kò lọ síbì kankan. Ó bi mí bóyá mo rí ọ̀sà. Mo ní mi ò rí i. Ó ní kí n yí ọrùn díẹ̀. Mo yí i. Mi ò lè búra.

Ó fa fóònù yọ, ó pe Bùsáyọ̀, irú ìpè téèyàn á fi máa rí ojú ara wọn. Ojú obìnrin náà yọ, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ Ẹ̀pẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, ó béèrè ọmọ, Bùsáyọ̀ ní ọmọ ń sùn. Ṣàngódèyí yí fóònù náà sí ọkọ̀. Ó rọra rìn yí i po, ó ń fi hàn án, ilẹ̀kùn, òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń rojọ́ bó ṣe ń rìn: ó ní ọwọ́ òun ló ṣe èyí, ó ní wọ́n ti gbà á síbẹ̀, visa tuntun, iṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ téèyàn lè kọ́ dọ̀gá. Mi ò tíì gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ tó báyìí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó dé iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó kàn di fóònù náà mú síbẹ̀. Jemimah, tó ti wọ inú ọkọ̀, pa ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan.

“Ó dán lóòótọ́,” ni Bùsáyọ̀ wí. “Mo ń rí ẹ nínú ẹ̀, o ti rù. Àwa ti kun yàrá ní ọ̀dà de àbọ̀ ẹ o.”